Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ọmọ Ọlọ́mọ

Jacksonville, Florida
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kínní, 2010

Tatay, bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbé ọwọ́ yín lé iwájú orí mi, bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa, láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọdún tuntun o. Ṣé ara le? Ṣé etí yín kò yọ yín lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Páálí ńlá tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá, ṣé ó dé? Mo to ọṣẹ, ẹran inú agolo àti kọfí sí i, mo sì fi aṣọ òtútù Gavin tó ti kéré jù fún un dí àárín rẹ̀ kí ìgò má baà fọ́. Ẹ má wọ aṣọ náà o, ẹ ó kàn làágùn ni.

Tatay, iṣẹ́ òru ní ọsibítù ti tán mi lókun. Ìdí tábìlì ìdáná ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ̀yin nìkan ni mo sì mọ̀ tó lè dá mi lóhùn.

Gavin ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ní tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ti gba ìsinmi, òun ń kó lọ bá bàbá òun àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ní Texas, ibẹ̀ lòun á ti máa ka ìwé òun lọ. Mi ò lè dá a dúró. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni Bea. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí, bí ẹni tó ń béèrè aago mélòó ló lù, pé ṣé òun náà lè bá Gavin lọ. Mo ní a ó jọ sọ ọ́. A ò tíì sọ ọ́. Ẹni mẹ́ta ló ń gbé inú ilé yìí, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló sì máa ń wà ní títì.

Mo wá rò ó pé kí n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, irú èyí tí ẹ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tó ń gbé èèyàn jayé kiri erékùṣù fún ọjọ́ méje. Oṣù Kẹfà ni, kí Gavin tó kó lọ. Lórí omi, wọn ò ní ríbi sá sí. Gavin ní òun á bá wa lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ni, kí n má yọ òun lẹ́nu. Ìwé àwòrán ọkọ̀ méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ń jẹ́ Amber Lark, kò tóbi, ó jọ pé ó pa rọ́rọ́. Èkejì ń jẹ́ Grand Tamarind, ó ga bí ọsibítù wa, ó ní ògiri tí wọ́n ń pọ́n bí òkè àti ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí omi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ fi wà nínú ọkọ̀. Èwo ni kí n mú fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún? Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí mo mú kí ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún tó kọjá.

Ọmọ yín,
Delfina


Guimbal, Iloilo
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2010

Inday, ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè, o sì rántí mi. Páálí náà dé lẹ́yìn Kérésì. Ìgò kọfí kan fọ́, ó dà sára ọṣẹ. Kọfí ni mo ń fi wẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo wọ aṣọ Gavin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì làágùn bí o ṣe wí. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín, mo ní ọmọ ọmọ mi ni. Wọ́n ní ó mà ga o. Mi ò mọ bó ṣe ga tó. Àyà mi ló dé nígbà tí ẹ wá sin ìyá rẹ, ọdún kẹjọ sì rèé.

O ní o fẹ́ gbé wọn lọ sórí omi. Inday, ọkọ̀ tó máa gbé yín jáde ní èbúté kan, tó sì máa dá yín padà sí èbúté náà, ibo ló gbé yín dé? Ilé làbọ̀ sinmi oko. O ò ṣe kó wọn wálé? Sálúbàtà rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí o bọ́ ọ sí lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ. Mo máa ń gbọn eruku rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ ò ní tiwọn níbẹ̀, o sì mọ̀ pé ẹni tí kò ní sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà wa, àlejò ni.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yìí náà lo fẹ́ dandan, mú Amber Lark. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ dára fún ìdílé.

Má fi iṣẹ́ òru pa ara rẹ.

Bàbá rẹ,
Anselmo


Jacksonville
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, 2010

Tatay mi,

Mo gbé ọwọ́ yín lé iwájú orí mi. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè fèsì.

Mo fi àwòrán Amber Lark han Gavin nígbà tó wálé láti ilé ẹ̀kọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Mama, ẹ wo fọ́tò yìí dáadáa. Ta ni orí ẹ̀ ò funfun níbẹ̀?" Mo ní Lolo, bàbá-ńlá rẹ, ló ní ó dára. Ó ní, "Lolo fẹ́ ká lọ máa bá wọn ka egbòogi ni." Bea rẹ́rìn-ín. Mo wá fi ti wíwá ilé lọ̀ wọ́n, torí ẹ̀bẹ̀ yín wọ̀ mí lára. Gavin ní, "Kí ni màá máa ṣe ní Guimbal? Kí n máa wo adìyẹ?" Bea tún rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ èyí láti fi bà yín lọ́kàn jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹrù tó wà lórí mi ni. Mi ò lè wọ́ ẹni tó ga jù mí lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Tatay, ẹ tún un rò fún mi. Ṣé Amber Lark náà ni lóòótọ́?

Delfina


Jacksonville
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2010

Tatay,

Mo kí yín. Ó ti lé ní oṣù kan, mi ò rí lẹ́tà. Àyà mi já, mo bá fi tẹlifóònù pe ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun òpópónà yín. Obìnrin náà ní, "Bàbá yín ńkọ́? Ó wà dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sìgá kúrò níbí ni." Ó dáa. Ó túmọ̀ sí pé ẹ kàn ò fẹ́ kọ̀wé ni.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ adìyẹ ni, ọmọdé ló sọ ọ́. Ẹ má torí ẹ̀ bínú sí mi.

Delfina


Jacksonville
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, 2010

Tatay,

Mo kí yín. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni lónìí.

Àná lọjọ́ Àjíǹde. Mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́tí kíkan bí Nanay ìyá mi ṣe máa ń sè é, mo sì se ìrẹsì fún ẹni mẹ́ta. Bea gbé àwo tirẹ̀ wọ yàrá. Gavin kò wálé rárá. Mo jókòó, mo ń wo àga méjì.

Mo wá rántí àga tiyín. Ní gbogbo ọdún tí mo fi dàgbà, Nanay máa ń gbé àwo òfìfo kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, àwa yòókù á sì máa jẹun. Mo mọ̀ pé torí kí a lè jẹun lẹ ṣe lọ. Iṣẹ́ yín ló rán mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mi ò gbàgbé. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ èyí, torí kò sí ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún.

Lọ́dún tí mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi bàtà kánfáàsì funfun kan ránṣẹ́ láti Miami. Ó ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo kíláàsì wa ló ń retí ọjọ́ tí màá wọ̀ ọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àyè ìka mẹ́ta ló kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi. Nanay ki àkísà sí i lórí, mo sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń wọ́ ọ nílẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé bàbá mi ò mọ bí mo ṣe tóbi tó. Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ náà pé mo ní ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ mi ò ní bàbá.

Ẹ mọ ọmọ àwọn òyìnbó o. Ogún ọdún lẹ fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ mọ èyí tí inú rẹ̀ dùn, ẹ mọ èyí tó sunkún sórí ìrọ̀rí. Kò sí ọ̀kan tí ẹ sọ fún wa rí. Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí ni pé kí ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọmọ ọlọ́mọ ran tèmi lọ́wọ́. Tí Bea bá tẹ̀ lé Gavin lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí, Tatay. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ kọ́.

Delfina


Guimbal
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin, 2010

Inday, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, kí ọwọ́ mi lè fúyẹ́ kọ ìyókù.

Mo parọ́ fún ọ. Amber Lark kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀dọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú irú rẹ̀. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, oorun ni, tí wọ́n bá jí, káàdì ni wọ́n á máa ta títí oúnjẹ yóò tún fi délẹ̀. Mo rò ó pé tí àwọn ọmọ bá rí i, wọ́n á kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ á túká, ẹ ó sì wálé. Ọgbọ́n àgbà ni mo pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ adìyẹ wá dé, mo rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ojú tì mí, mi ò lè gbé bírò. Mi ò bínú rárá. Adìyẹ mẹ́rin ni mo ní, mo sì máa ń wò wọ́n lóòótọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàtà. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi kúrò nílé ìfọṣọ ìsàlẹ̀, níbi tí etí mi ti bàjẹ́, tí wọ́n ní kí n gòkè wá máa tún yàrá àwọn èrò ṣe. Ọmọbìnrin kan wà nínú yàrá kan, òun àti àwọn òbí rẹ̀, láti Ohio. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, "Ọmọ tèmi náà nìyẹn." Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti rí ọ kẹ́yìn. Mo rò ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo fa bàtà rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo ta á ní kókó, mo sì mú okùn náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Miami. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ wọlé bá mi kó rò pé mo fẹ́ jí bàtà. Ọmọ Ohio tí wọ́n fi ẹran màlúù tọ́ ni mo fi wọn ọmọ Guimbal. Inday, mo ronú kàn ọ́ o. Ọ̀nà òmùgọ̀ ni mo gbà ronú kàn ọ́.

Ó dáa, gbọ́ nípa ọkọ̀.

Grand Tamarind ni kí o mú. Àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn ní iyàrá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Bea á wọ ibẹ̀, Gavin kò ní wọ̀ ọ́, torí ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Ilé ọtí àti ilé tẹ́tẹ́ kò sì ní gbà á àyàfi tó bá pé mọ́kànlélógún. Àdán ni, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Irú wọn ni mo máa ń bá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Ìdí tí mo fi ní ọkọ̀ ńlá nìyẹn. Ògiri pípọ́n àti omi yíyọ̀ kì í bi èèyàn ní ọjọ́ orí. Rí i pé ọ̀sẹ̀ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti gba ìsinmi lẹ lọ, kó lè rí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí Bea wọ iyàrá àwọn ọ̀dọ́, ì báà máa kùn. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, gbogbo wọn ti di ọ̀rẹ́ tán, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa ṣe àlejò títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Má kó ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú yàrá kan. Gba méjì tó kọjú síra, ìwọ àti Bea nínú ọ̀kan, kí Gavin wà ní òdì kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n máa ń gbà bẹ́ẹ̀ tí ìyá bá wà nítòsí. Yàrá kan ṣoṣo, ọjọ́ kẹta ló máa ń kan.

Èyí tó jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n á bi ọ́ bóyá ẹ fẹ́ máa jẹun alẹ́ nígbà tó bá wù yín, tàbí kí wọ́n fún yín ní tábìlì kan, àkókò kan náà, agbáwo kan náà tó ń gbé oúnjẹ wá, títí ẹ ó fi sọ̀. Mú tábìlì kan náà. Ọ̀pọ̀ ń mú ti ìgbà-tó-bá-wù-wá, wọ́n rò pé òmìnira ni. Mo ti rí ìdílé tó jọ wọ ọkọ̀ tí wọn ò tún fojú kan ara wọn dáadáa títí di èbúté. Àwọn tí mo máa ń rí tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù jáde, àwọn elétábìlì ni. Lọ́sàn-án, fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá kan láti Boston tẹ ètò wákàtí-wákàtí sórí ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti ń kó o lójoojúmọ́.

Kí o sì béèrè orúkọ ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe.

Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ wíwá ilé mọ́.

Bàbá rẹ,
Anselmo


Jacksonville
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún, 2010

Tatay mi,

Mo gbé ọwọ́ yín lé iwájú orí mi, ó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ lónìí.

Lẹ́tà yín dé lánàá, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti mú Grand Tamarind. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà la ó gbéra ní èbúté Canaveral. Yàrá méjì tó kọjú síra. Tábìlì kan náà. Ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń bá mi kọ ọ́ ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Mà? Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ tábìlì kan náà o." Mo ní bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ okùn àti bàtà náà, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ń lọ sùn.

Delfina


Jacksonville
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 2010

Tatay mi,

Mo gbé ọwọ́ yín lé iwájú orí mi. A ti dé, ara wa sì le. Kì í ṣe díẹ̀ ló rẹ̀ mí o, àmọ́ àárẹ̀ tèmi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ burú. Gavin ń sùn títí oòrùn fi ń dé àtàrí. Mo ti Bea wọ iyàrá àwọn ọ̀dọ́ lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Mama, ẹ máa lọ, ẹ ń dójú tì mí," láti ìgbà náà, ìdí tábìlì nìkan ni mo ti ń rí i. Nídìí tábìlì, a jókòó bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Mo rántí yín. Mo ní bàbá yìí ti tún parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bea jókòó, ó ní, "Mama, ẹni tó ń tún yàrá wa ṣe yẹn, ó bi mí ní nọ́ńbà bàtà mi. Àbí ó ní nǹkan kan lọ́kàn ni?" Gavin fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní òun ń lọ bá a. Mo ní kó jókòó. Mo ti béèrè orúkọ ọkùnrin náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe wí. Wilmer ni, ará Antique, ìtòsí wa níbẹ̀. Mo dìde nídìí oúnjẹ. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìnura. Mo fi èdè wa bi í pé, "Wilmer, ọmọ ẹ obìnrin, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó ní, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mi ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ló ń bọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Má fi ẹsẹ̀ ọmọ mi ra bàtà fún un. Ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé, kó fi bírò yí i ká, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ."

Ó ní, "Mi ò ronú dé bẹ̀, Mà."

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn yín, Tatay. Mo dúró síbẹ̀, mo sunkún níwájú kẹ̀kẹ́ aṣọ ìnura. Ó mú ọ̀kan fún mi.

Nígbà tí mo padà sídìí tábìlì, ojú mi ti pọ́n. Gavin ní, "Kí ló ṣe yín?" Láti ọjọ́ tí a ti gbéra, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ilé ni, ilẹ̀kùn ni ǹ bá tì. Tábìlì ò ní ilẹ̀kùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, okùn, ọmọ Ohio, àkísà, pẹ́pẹ́yẹ. Bea rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ó wọn bàtà ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀rù sì ń bà á." Gavin bi mí pé ibo ni Lolo ń sùn nínú ọkọ̀. Mo ní ní ìsàlẹ̀, ibi tí kò sí fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì mo ń wá a, mo rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí wọ́n gbà kí èrò dé mọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi etí lé ilẹ̀. Mo ní, "Kí lò ń wá?" Ó ní, "Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kùn, Mama. Ṣé bó ṣe ń kùn sí i létí nìyẹn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, àwa ni a máa ń kẹ́yìn nídìí tábìlì. Agbáwo wa á ti ká aṣọ orí tábìlì yòókù tán, á máa yí wa po, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Gavin ṣì ń lọ sí Texas ní oṣù tó ń bọ̀. Bea ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti gba ìsinmi oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bea ní òun á bá mi wálé. Mo bi Gavin, ó ní, "Màá wò ó." Ẹ mọ ohun tí màá-wò-ó túmọ̀ sí lẹ́nu ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Bea ní kí n fi ìwé tòun sínú èyí, kí n má sì kà á. Mo kà á.

Ọmọ yín,
Delfina


(Nínú àpò ìwé kan náà)

Lolo,

Mama ní kí n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ yín lé iwájú orí mi. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ gbà pé mo ṣe é.

Ẹ má bínú pé mo fi adìyẹ yín rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n ní orúkọ?

Mama ní gbogbo ará ilé yín ló ní sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi rèé lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ẹlòmíì wọ̀n ọ́n o.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ sí Texas. Mo sọ fún Mama pé mi ò ní sọ nǹkan kan títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ yín. Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó sùn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ọ fún un.

Bea


Guimbal
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹjọ, 2010

Inday, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bea. Sọ fún un pé àwọn adìyẹ ò ní orúkọ, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn tó bá dé.

Mo gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọjà. Mo tẹ́ ẹ sórí sálúbàtà kan lẹ́yìn òmíràn títí ọ̀kan fi bá a mu. Obìnrin tó ń tà á pariwo sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ̀bùn ni àbí kí ni?" Mo ní kì í ṣe ẹ̀bùn, ará ilé mi ló ni ín. Aláwọ̀ ewé ni. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ báyìí. Bó bá lọ sí Texas lẹ́yìn oṣù Kejìlá, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Èmi ò ní gbé e kúrò, kí ìwọ náà má gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń retí èèyàn nílé yìí.

Nǹkan mìíràn dé lánàá. Àpò ìwé kan ni, láti Texas. Mo tú u, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, kò sí "Lolo, ẹ ǹlẹ́ o," kò sí orúkọ. Ìwé kan ṣoṣo ni, ó ká a sí mẹ́rin torí kò gba inú àpò náà. Ẹsẹ̀ ni ó fi bírò yà síbẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ tèmi lé e. Ìka mẹ́ta ló kù níwájú mi.

Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Eléyìí ò ṣípá, ẹsẹ̀ ló nà. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún ọ o, tó bá fẹ́ kí o gbọ́, yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Kò sí sálúbàtà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjà Guimbal. Mò ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí ìlú ńlá Iloilo lọ́la, ìwé náà ti wà nínú àpò àyà mi.

Bàbá rẹ,
Anselmo